Èékánná Ayọ̀tọ́lá

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Ọláyanjú kọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá ń hun aṣọ òfì kì í déédéé gbé orí sókè, nítorí náà kò rí ojú, kò rí aṣọ. Ẹsẹ̀ méjì ló rí nínú sálúbàtà, eruku Ìsẹ́yìn ti kùn wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti gbéra nílẹ̀, ó fẹ́ kọjá lórí òwú rẹ̀.

"Ẹ dúró!" ló ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kọjá níbẹ̀!"

Ẹsẹ̀ náà dúró lókè, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé Ìsẹ́yìn rí á mọ bí òwú aláṣọ òfì ṣe ń gùn tó. Aláṣọ á jókòó sábẹ́ àtíbàbà, òwú á nà jáde níwájú rẹ̀, á gba àárín àgbàlá kọjá títí dé ibi òkúta tí wọ́n so ó mọ́ lọ́hùn-ún. Bí ó bá ṣe ń hun ún, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà àgbàlá yẹn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí òwú tó wà lórí òfì. Wọ́n ní aṣọ náà ò ní rí ẹni rà á. Bóyá òótọ́ ni, bóyá wọn ò kàn fẹ́ kí àwọn ewúrẹ́ àti ọmọdé máa já òwú wọn ni, èmi ò bá wọn jiyàn.

"Ibo wá ni kí n gbà?" Ohùn obìnrin ni.

"Ẹ yípo ibi òkúta lọ́hùn-ún."

"Ibi òkúta yẹn? Pẹ̀lú kúlà tó wà léjìká mi yìí?"

"Mo lè bá yín gbé e."

"Ẹ̀yin tí òwú ti dè mọ́lẹ̀ yìí?"

Ìgbà yẹn ni Ọláyanjú tó gbójú sókè. Aṣọ nọ́ọ̀sì funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀, òógùn ti bo imú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a lápàárá. Láti ìgbà tí ìyàwó Ọláyanjú ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, kò sí obìnrin tó wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo èyí lẹ́ẹ̀mẹta.

Obìnrin náà yípo ibi òkúta, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Mọ́rìnọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbóòrò, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e láti Tẹ̀dé wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sẹ́ntà. Ó ní èéyi ti ń jà láwọn oko kan nítòsí. Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, àwọn á máa fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tó bá ti gbà á, àwọn á fi tàdáwà kun èékánná ìka rẹ̀ tó kéré jù lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n má baà tún gún un.

"Nọ́ọ̀sì," Jímọ̀, ọ̀rẹ́ Ọláyanjú tí òfì tiwọn jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ké sí i, "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọláyanjú yìí lọ́mọ, àmọ́ kò níyàwó o."

"Ta ló bi ọ́?" Ojú ti Ọláyanjú.

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Ìjọba ni mò ń bá ṣiṣẹ́."

Àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Mọ́rìnọ́lá ń lọ, ó tún yípo ibi òkúta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí, ó sì bojú wẹ̀yìn. "Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin olówùú."

Lọ́jọ́ kejì ó tún gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kẹta náà, ó gba ibẹ̀. Ọ̀nà tó lọ tààrà sí sẹ́ntà wà o, kò sì gba àgbàlá aláṣọ rárá. Ṣé kí n sọ fún un ni? Kò kúkú ṣe é bí ẹni tí kò mọ̀nà.

Nígbà tó yá, ó ní kí Ọláyanjú kọ́ òun ní aṣọ híhun. Ó jókòó sídìí òfì, ó ju ọ̀kọ̀ òwú sọ́tùn-ún, ó jù ú sósì, kí wọ́n tó pe ení, kí wọ́n tó pe èjì, òwú ti já.

"Ẹ ti ba aṣọ mi jẹ́," Ọláyanjú wí.

"Ẹ jẹ́ kí n rà á nígbà náà."

"Kí lẹ fẹ́ fi aṣọ tó ní àpá ṣe?"

"Màá wí fún wọn pé ọkùnrin kan ló tẹjú mọ́ mi nígbà tí mò ń hun ún."

Ọláyanjú tẹ orí ba, ó ń so òwú tó já náà. Ọkùnrin dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ dára, àmọ́ ẹnu rẹ̀ wúwo. Bí nǹkan bá le, dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó ní ọmọ tó gbọ́n kì í fèsì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n jọ lọ sí adágún Ìkéré, wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n ń jẹ ẹja díndín. Nígbà yẹn, wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀, wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ìwọ". Ọláyanjú sọ fún un nípa ìyàwó rẹ̀ tó kú, àti nípa Ayọ̀tọ́lá, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta, tó wà lọ́dọ̀ ìyá òun. Mọ́rìnọ́lá náà sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan ti ń fẹ́ òun tẹ́lẹ̀ ní Ṣakí, ọdún kan gbáko ni ọkùnrin náà fi pa á mọ́ fún òun pé ó níyàwó nílé.

"Ọláyanjú, mi ò ní kí o lówó," ló wí. "Mi ò ní kí o mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, torí mo ti rí i pé o ò mọ̀ ọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ ẹ̀rín. "Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ṣáà, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Kó korò, kó kan, mo lè gbà á. Irọ́ ni mi ò lè bá gbélé mọ́."

"Mo gbọ́, ààyò mi."

"Ààyò! Ibo lo ti kọ́ ìyẹn?"

"Jímọ̀ ló kọ́ mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú Ọláyanjú dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó ń bẹ̀rù.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá Ọláyanjú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀nba obìnrin tó ṣì ń rẹ aró láàárín ìlú. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá dárúkọ abẹ́rẹ́ létí rẹ̀, ojú rẹ̀ á yí padà. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọkùnrin tó ṣe ẹ̀gbọ́n Ọláyanjú, èéyi ló mú un. Èéyi ti sú u lára kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kiri oògùn tà. Ọkùnrin náà gún un lábẹ́rẹ́, ọmọ ò sì mọ́jú. Àwọn àgbà ilé ní abẹ́rẹ́ ló lé èéyi wọ inú. Láti ọjọ́ náà, wọn ò gún ọmọ kankan lábẹ́rẹ́ nínú ilé yẹn mọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn alábẹ́rẹ́ máa dé àdúgbò wọn, ìyá náà pe Ayọ̀tọ́lá sídìí ìkòkò aró. Ó ti gbọ́ nípa èékánná. Ó ri igi tín-ín-rín kan bọ inú aró, ó fi kun èékánná ọmọ náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, ó tún kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń ṣe òun lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Ọláyanjú ti inú yàrá jáde, ó rí ìka náà. Kò sí ẹni tó lè fi àwọ̀ tan aláṣọ. Tàdáwà àwọn oníjọba máa ń dán, aró kì í dán. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wò ó.

"Mo ti sin ọ̀kan," ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò sin méjì."

Kò fèsì. Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn nígbà tí wọ́n gbọ́ "Ẹ kú ilé o!" lẹ́nu ọ̀nà, ta ló sì wọlé bí kò ṣe Mọ́rìnọ́lá, pẹ̀lú kúlà rẹ̀ àti obìnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa dé ilé náà. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ kí ìyá ọkọ tó ń wò lọ́kàn. Ìyá náà dá a lóhùn dáadáa, ó sì na ọwọ́ òsì ọmọ síta.

"Wọ́n ti gún un lọ́jà láàárọ̀."

Mọ́rìnọ́lá tẹ̀ síwájú láti wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ ti fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ti sá sẹ́yìn ìyá àgbà. Mọ́rìnọ́lá bá wo Ọláyanjú.

"Ṣé ó ti gbà á?"

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe kéré tó. Ká ní ó sọ pé rárá, ìjà á bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìyá rẹ̀ àti obìnrin tó fẹ́ fẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kanra. Ó rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé, ẹ jẹ́ kí eléyìí kọjá ná, mo máa gbé ọmọ lọ sí sẹ́ntà ní bòókẹ́lẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, ó sì wolẹ̀.

Nítorí pé òun ló sọ ọ́, Mọ́rìnọ́lá ò tún bèèrè mọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé. Oníbàárà kan láti Ìbàdàn fẹ́ aṣọ kíákíá, Ọláyanjú ò kúrò nídìí òfì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò ni. Ẹ mọ bí ọ̀la ṣe máa ń rí. Láàárín ìgbà yẹn, Mọ́rìnọ́lá ti ń sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n máa lọ rí bàbá òun ní Ògbóòrò, inú rẹ̀ ń dùn, inú Ọláyanjú náà ń dùn, àmọ́ tí ó bá dá wà, èékánná Ayọ̀tọ́lá ni á máa rò.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú Ayọ̀tọ́lá pọ́n, ara rẹ̀ gbóná, imú ń ṣàn. Nígbà tí nǹkan wínníwínní sú jáde lẹ́yìn etí rẹ̀ tó sì wá bo ojú rẹ̀, ìyá àgbà ti mọ̀. Ó ti fèrèsé, ó fi ẹmu ra ọmọ lára, ó kán omi ewé sí i lójú. Ọmọ náà ò jẹun, kò mu omi. Nígbà tó di pé mímí ti ń le fún un, Ọláyanjú gbé e lé èjìká.

Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Tí wọ́n bá gún un báyìí, á wọ inú! Ọláyanjú, á wọ inú!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi."

Kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ẹnu ya ìyá náà, ó yà kúrò lọ́nà. Jímọ̀ fi ọ̀kadà gbé wọn.

Mọ́rìnọ́lá ló wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ náà. Ó rí Ọláyanjú, ó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wá rí ọmọ. Ó gbà á, ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó fetí sí àyà rẹ̀.

"Èéyi nìyí," ló wí. "Ó mà yà mí lẹ́nu o. Ọmọ tó gba abẹ́rẹ́..."

"Kò gbà á."

Ó yíjú sí i.

"Aró ló wà léèékánná rẹ̀. Màmá mi ló kùn ún." Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà."

Mọ́rìnọ́lá ò pariwo. Ó gé orí kóró oògùn rọ̀bọ̀tọ̀ kan, ó fún un sí ọmọ lẹ́nu kí èéyi má baà ba ojú rẹ̀ jẹ́, ó ń fi ṣíbí bu omi fún un díẹ̀díẹ̀, ó fi omi tó mọ́ nu ojú rẹ̀. Dókítà dé, ó ní àrùn ti wọ àyà ọmọ, kí wọ́n dá wọn dúró síbẹ̀. Ìgbà tí Mọ́rìnọ́lá ṣe gbogbo rẹ̀ tán ló tó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Ọláyanjú dúró sí.

"Ẹ lọ bá mi mú aṣọ ọmọ wá àti ife rẹ̀," ló wí.

"Mọ́rìnọ́lá..."

"Mo bi yín lójúkojú. Ẹ fi ẹnu yín dá mi lóhùn. Ká ní ẹ ti sọ òótọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni màá fi fún un, kò ní dùbúlẹ̀ síbẹ̀ yẹn." Omi ti lé sí i lójú. "Nọ́ọ̀sì ni kí ẹ máa pè mí."

Ó wọlé lọ. Ọláyanjú jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sunkún níṣojú gbogbo ènìyàn, kò tiẹ̀ tì í lójú.

Lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ dé, ó gbá bẹ́ẹ̀dì ọmọ mú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé nǹkan dání sún mọ́ ọn, á na ọwọ́ bo ọmọ. Mọ́rìnọ́lá kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Èyí tí ẹ sọ nù, kí lorúkọ rẹ̀?"

Ìyá náà wò ó. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Torí kí ìyá náà lè gbàgbé ni wọ́n ṣe ń fi orúkọ Ọláyanjú pè é.

"Ọlágòkè," ló wí. "Ọlágòkè lorúkọ rẹ̀. Ó ti ń ka ìwé díẹ̀díẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò sì tètè dákẹ́. Mọ́rìnọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá lu ọ̀rọ̀. Ìgbà tó parí, ó ní, "Ìyá Ọlágòkè, ẹ gbọ́. Abẹ́rẹ́ kì í lé èéyi wọ inú. Inú ni èéyi ti ń bọ̀. Kó tó sú sí ọmọ lára rárá ló ti wọ àyà rẹ̀. Èéyi ló pa Ọlágòkè, Màmá. Kì í ṣe ẹ̀yin tí ẹ gbé e lọ."

"Kì í ṣe èmi?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Abẹ́rẹ́ tiwa yìí, ọmọ tí ara rẹ̀ le la máa ń fún, kí àrùn tó dé, kí ara rẹ̀ lè ti mọ ọ̀tá ṣáájú. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fún Ọlágòkè."

Ìyá Ọlágòkè gbé orí lé èjìká rẹ̀, ó sunkún tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ayọ̀tọ́lá ò kú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọjọ́ tó béèrè fún mọ́ínmọ́ín, àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n èéyi fi nǹkan funfun kan sílẹ̀ nínú ẹyin ojú òsì rẹ̀, dókítà sì sọ pé ojú náà ò ní ríran dáadáa mọ́. Bí ó bá fẹ́ wo nǹkan, ó ní láti yí orí.

Mọ́rìnọ́lá ń tọ́jú ọmọ, ó ń kí ìyá, kò bá Ọláyanjú sọ ju ohun tí iṣẹ́ gbà lọ. Kò gba ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà kọjá mọ́, ọ̀nà tó lọ tààrà sí sẹ́ntà ló ń gbà báyìí. Ọláyanjú á gbọ́ tí ẹsẹ̀ bá ń bọ̀, á gbójú sókè, ẹlòmíràn ni.

"O jókòó síbí, o ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn," Jímọ̀ wí fún un. "Èwo ló kù tí o lè ṣe?"

"Kò sí."

"Ó wà. Ṣé o rò pé ìyá rẹ nìkan ló ní aró ní Ìsẹ́yìn?"

Ọláyanjú wò ó. Jímọ̀ wolẹ̀. "Ọmọ tiwa náà, aró la fi kùn ún," ló wí. "Ìyàwó mi ló ní kí a ṣe é."

Lọ́jọ́ náà gan-an, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ wúwo yìí dìde nídìí òfì. Ó ń lọ láti àtíbàbà kan sí òmíràn, ó gbé Ayọ̀tọ́lá kọ́ apá, ó ń sọ ohun tí òun ṣe. Àwọn kan bú u pé ó ń tú àṣírí ilé. Ó ní kí wọ́n wo ojú ọmọ òun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ sẹ́ntà, ọmọ lẹ́yìn, èékánná aláró. "Ọláyanjú ló ní ká wá," ni wọ́n ń wí. Ìyàwó Jímọ̀ náà wà láàárín wọn.

Mọ́rìnọ́lá gún gbogbo ọmọ náà lábẹ́rẹ́. Ìgbà tó ṣíwọ́, ó gba àgbàlá aláṣọ.

"Mo dúpẹ́," ló wí. Ó dúró, kò jókòó. "Ọmọ púpọ̀ lo gbà là."

"Mo fẹ́ kí o dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ìyẹn ò le." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ṣì ń rò ó, Ọláyanjú. Mo fẹ́ràn rẹ, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló lè sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí dídákẹ́ bá máa fún ọ ní ohun tí o fẹ́, ṣé o máa sọ ọ́?"

Ọláyanjú fi òfì sílẹ̀, ó dìde dúró níwájú rẹ̀. 

"Kó àwọn ènìyàn rẹ wá sí Ògbóòrò," ni Mọ́rìnọ́lá wí níkẹyìn. "Mi ò tíì sọ pé mo gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa bi mí."

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí Ògbóòrò! Ládòkun, àbúrò bàbá Ọláyanjú tó jẹ́ agbẹnusọ wọn, ò sinmi ọ̀rọ̀. Ó ti gbọ́ pé bàbá Mọ́rìnọ́lá, Bàbá Adégbénró, ti ṣe wolé-wolé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, irú àwọn tó ń wọ ilé onílé láti wo ìmọ́tótó, tí wọ́n sì ń wá àwọn ọmọ tí wọ́n gbé pa mọ́ fún alábẹ́rẹ́.

"Bó bá bèèrè ojú ọmọ yìí, igi ló gún un," Ládòkun wí. "Eré ọmọdé. Gbogbo wa ti gbọ́?"

Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Ọláyanjú wo ojú fèrèsé.

Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ọláyanjú dọ̀bálẹ̀, Ládòkun sọ ọ̀rọ̀ dídùn títí àwọn àna fi ń mi orí. Bàbá Adégbénró, arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó jókòó ṣanṣan, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó pe Ayọ̀tọ́lá, ó fún un ní bisikíìtì. Ọmọ yí orí kó lè rí i gbà.

"Kí ló ṣe ọmọ yìí lójú?"

"Eré ọmọdé ni, Bàbá," Ládòkun wí kíá. "Igi ni ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gún un."

"Ẹ̀yà! Pẹ̀lẹ́, ìyá mi." Bàbá náà gbé e lé itan. Ọ̀rọ̀ ti kọjá. Ládòkun ti ya ẹnu láti máa bá tirẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ má bínú," Ọláyanjú wí láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Kì í ṣe igi."

"Ọláyanjú!" Ládòkun sọ lábẹ́ ẹ̀mí.

"Èéyi ni. A ò jẹ́ kí ó gba abẹ́rẹ́. A fi aró kun èékánná rẹ̀ kí wọ́n lè rò pé ó ti gbà á. Mọ́rìnọ́lá bi mí, mo parọ́ fún un. Èmi ni mo fọ́ ojú ọmọ mi, Bàbá."

 Ìyá Ọlágòkè kúnlẹ̀ níbi tó wà. "Ọwọ́ mi ló fi aró kùn ún," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kí ó dá a rù."

Bàbá Adégbénró ń wo ojú ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀. 

"Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé wọn pa mọ́ sí fún wa," ló wí. "Nínú àká. A máa gbọ́ ikọ́ wọn. Nígbà míì, tí a bá padà débẹ̀, sàréè la ń bá. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi rí pé òun ló ṣe é." Ó gbójú sókè. "Inú ń bí mi sí ọ, ọmọkùnrin. Á sì ṣì máa bí mi fúngbà díẹ̀. Àmọ́ èmi kọ́ ni o wá fẹ́. Mọ́rìnọ́lá!"

Mọ́rìnọ́lá jáde láti inú yàrá. Ó ti wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé látàárọ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"O mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Ọwọ́ mi ni mo fi tọ́jú ojú náà."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n wá bá mi?"

"Mo fẹ́ gbọ́ bóyá ó máa sọ ọ́ ni."

Ó rìn kọjá níwájú àwọn àgbà, ó wá kúnlẹ̀ síbi tí Ọláyanjú wà, èjìká rẹ̀ kan tirẹ̀. "Mo fẹ́ ẹ, Bàbá," ló wí. "Ẹ bá mi gbà á."

Ọláyanjú ò lè gbójú sókè, nítorí omi tó wà lójú rẹ̀. Mọ́rìnọ́lá tẹ orí sún mọ́ ọn.

"Ó pẹ́ kí o tó sọ̀rọ̀," ló wí fún un wúyẹ́wúyẹ́. "Àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já."

"Tèmi ti já tipẹ́, ààyò mi."

Mọ́rìnọ́lá bú sẹ́rìn-ín níṣojú gbogbo àna.